Jẹ́jẹ́lọlá Ni Yóò Ṣíwájú Wọn

Agbo-ilé Àjíṣafẹ́,
Àjàgbà, lọ́nà Òde-Ìrèlè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà.

Ọlámipọ̀sí,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí á yanjú ohun tó wà láàárín wa ná. Púpurú ẹ̀gẹ́ tí mo ṣèlérí láti ìgbà Àjíǹde wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá. Mo yan án gbẹ dáadáa kí àwọn aṣọ́bodè má baà rí nǹkan fi ṣe àríwísí. Ewé marúgbò tí ọkọ rẹ bèèrè fún ọbẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, mo ti sá a, mo sì ti gún un. Owó tí o fi ránṣẹ́ fún àwọn tó ń kó ẹrù tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀, mo fi ra garawa tuntun sí ẹbu epo wa. Nítorí náà, mi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Ìwọ lo kù tí o jẹ mí, o sì mọ ohun tí o jẹ.

Ó yá, mo kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ òyìnbó ti dín kù, àbí ẹ ṣì ń wọ aṣọ lé aṣọ bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé? Bá mi kí Vincent, àna mi. Bá mi kí Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọ ọmọ mi, kí o gbá a mọ́ra títí tí yóò fi ní kí o fi òun sílẹ̀. Àwa níhìn-ín ń mí, a sì ń jẹun. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà Akotogbo ti di ẹrẹ̀, ọlọ́kadà ń bèèrè iye tó bá wù wọ́n lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ẹyìn so dáadáa lọ́dún yìí, ẹbu wa kò sinmi.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ìwọ lo fà á. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń mú ohùn sókè báyìí lo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ̀kì tó dára nígbà tí ò ń bèèrè marúgbò! Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Wàá kà á dópin. Má sì wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni agbára bàbá mi ká, mo sì ti fi ìwé mẹ́fà náà ṣòwò, mo fi tọ́ ọ, mo fi rán ọ débi tí o wà.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mi ò ṣì ọ́ gbọ́. Ìdílé ìyá Vincent, àwọn Makitórìn, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní kláànì, máa ń pàdé lọ́dọọdún nínú oṣù kẹjọ, níbi àlàpà ilé olódi àwọn baba wọn lẹ́bàá omi. Lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà wọn á tò lẹ́sẹẹsẹ, ọmọ kan á sì máa fọn fèrè alápò níwájú gbogbo wọn. Ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìdíje fèrè ni wọ́n ń fún ní ipò yẹn. Lọ́dún yìí, Jẹ́jẹ́lọlá wa ló ṣe é. Olórí ìdílé náà fúnra rẹ̀ ló pe orúkọ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó yá ni Susan, akọ̀wé wọn, fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ò ní nǹkan kan sí ọmọ náà o, ṣùgbọ́n àwọn kan ń kùn. Ó ní ìhà ìyá ni Vincent ti bá àwọn Makitórìn tan, kò jẹ́ orúkọ wọn, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́. Ó ní ó yẹ kí ẹni tó máa ṣíwájú ìdílé jẹ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Ó ní kí o lọ rò ó. Ìwọ náà wá lọ rò ó, o sì pinnu pé, kí àlàáfíà lè wà, kí ọmọ náà sọ pé ara òun kò yá lọ́jọ́ náà.

Ọlámipọ̀sí, ara ta ni kò yá?

O tún sọ fún mi pé ó lè jẹ́ àwọ̀ ọmọ náà ni wọ́n ń wò tí wọ́n ń fi orúkọ bojú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò rí ojú Susan. Ṣùgbọ́n bó jẹ́ àwọ̀, bó jẹ́ orúkọ, èsì kan náà ni mo ní fún méjèèjì: kí ọmọ gbé fèrè rẹ̀. Wọn ò tíì lé e. Kò sẹ́ni tó dìde ní gbangba pé kó má wá. Ìwọ lo fẹ́ bá wọn lé e, lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba owó iṣẹ́. Láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń ta epo, mi ò tíì rí ẹni tó da garawa epo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé oníbàárà kan yínmú sí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún ọ, nítorí o kò mọ ìdajì rẹ̀. Mo fi pa mọ́ fún ọ nígbà náà kí o má baà gbé ẹbí sọ́kàn. Ní báyìí, mo rí i pé ó yẹ kí o gbọ́ ọ.

Nígbà tí fídíò ìdíje yẹn dé, ẹbu ni mo wà, ọwọ́ mi kún fún epo, Juliet tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi di fóònù mú. Ìwọ àti ẹbí ọkọ rẹ ni a kọ́kọ́ rí tí ẹ tò sórí pápá. Ni Juliet bá pariwo pé, “Ìyá Ọlámi, ṣé ọkọ ọmọ rẹ ló wọ yẹ̀rì yẹn?” Mo ní, “Òun ni. Ó wọ yẹ̀rì, ó sì ń bọ́ ilé rẹ̀. Tìrẹ tó ń wọ ṣòkòtò ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń gún ẹyìn fi ọmọ odó sílẹ̀. Ìgbà tí fèrè náà kọ́kọ́ han, Juliet tún ní ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n tẹ̀ lọ́rùn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wá lára. Ohùn kan dúró nísàlẹ̀, kò yẹ̀, ohùn kejì ń rìn lórí rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn àgbà ìjọ bá ń kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun tí ẹnì kan sì ń dá orin lé wọn lórí. Jẹ́jẹ́ sì dúró bí òpó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó há àpò náà mọ́ abíyá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Juliet tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ nu ojú. Ó ní èéfín ni. A ò tíì dáná lásìkò yẹn.

O mọ̀ pé lọ́jọ́ kejì Àjíǹde ni ẹbí wa máa ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá Adéjọbí, olórí ẹbí. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé tó gbé wa ga lọ́dún náà, ẹni tó jáde ilé ìwé, ẹni tó bo ilé, ẹni tí wọ́n gbé ipò fún, kí àwọn àgbà lè gbàdúrà lé wọn lórí. Mo dìde, mo ní mo ní orúkọ kan tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un, Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọ Ọlámipọ̀sí. Mo ní ó ti borí gbogbo ọmọ ìdílé bàbá rẹ̀ nínú fèrè àwọn baba ńlá wọn, òun ni yóò sì ṣíwájú wọn nínú oṣù kẹjọ.

Bàbá Adéjọbí kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Rose, jókòó. Ọmọ àwọn òyìnbó nìyẹn. Aṣọ wọn ló wọ̀, fèrè wọn ló fọn. Kí wọ́n gbé e ga lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹnì kan kì í jókòó sórí àga méjì.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn tilẹ̀ ní ṣé a máa pe ọba ilẹ̀ òyìnbó mọ́ ẹbí náà ni.

Mo ń ṣírò. Bàbá Adéjọbí ló ń pín oko ọ̀pẹ ẹbí lọ́dọọdún, ìpín tí ó bá fún mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ẹbu. Tí mo bá mú un bínú, ó lè fún ẹlòmíràn. Mo gbé ìyẹn sí ọwọ́ kan. Mo wá gbé èkejì sí ọwọ́ kejì: tí mo bá jókòó, ọmọ ọmọ mi ti di àlejò nínú ilé tí wọ́n sin baba ńlá rẹ̀ sí, lójú mi, lójú gbogbo ẹbí, mo sì gbà. Èkejì wúwo jù. Mo dúró síbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ìyá rẹ rí àgbà fín. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ta ló bí yín sínú ilé Àjíṣafẹ́?”

Gbogbo wọn tẹjú mọ́lẹ̀. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀, tàbí bóyá o kò mọ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí a ń sọ lójú rẹ̀. Bàbá Adéjọbí kì í ṣe ọmọ ọkùnrin ilé yìí. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ará odò ni bàbá tirẹ̀, láti ìhà Àrógbò, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, ẹja ló sì ń tà. Ilé ìyá rẹ̀ níbí ló dàgbà sí, wọ́n fún un nílẹ̀, ó gbin ọ̀pẹ, ó gbọ́n, ó lóye, nígbà tí ó sì di ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn, wọ́n fi ṣe olórí ẹbí, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn. Ilé baba ẹni ò lé ilé ìyá ẹni jáde. Méjèèjì la jẹ́.

Mo wá ní, “Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó sórí àga méjì láti kékeré, ẹ kò sì ṣubú. Ẹ tún àwọn méjèèjì ṣe. Àwọn ara odò ń fi yín yangàn, àwa náà ń fi yín yangàn. Kí ló dé tí ti ọmọ mi fi jẹ́ èèwọ̀?”

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ẹni tó fẹ́ sá. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé, ó wá ní, “Rose, ìwé mẹ́fà tí bàbá rẹ rán ọ yìí, ká ní ó di méjìlá ni, gbogbo wa là bá ti sá kúrò ní Àjàgbà.” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde, kí n pe orúkọ ọmọ náà kí wọ́n gbọ́, ó sì bèèrè orúkọ ìdílé kejì náà. Makitórìn kò tètè gbà sí i lẹ́nu, ó ṣe é títí, ó ní, “Àwọn ẹni wa lọ́hùn-ún, kí Ọlọ́run bá wa pa wọ́n mọ́.” Wọ́n gbàdúrà fún Jẹ́jẹ́lọlá láàárín ọmọ tó jáde nọ́ọ̀sì àti ọmọ tó bo ilé. Gbogbo ilé ní àmín.

Mi ò ní tàn ọ́ pé kò ná mi ní nǹkan kan. Nígbà tí ó pín oko ọ̀pẹ lọ́dún yìí, ìhà àbàtà ló fún mi, níbi tí omi ń dé orúnkún tí a bá fẹ́ gbé ẹyìn jáde. Èmi mọ ìdí rẹ̀, òun náà mọ̀. Mo kí i pé ó ṣeun. Mo ń gbé ẹyìn mi jáde nínú omi, mo ń kọrin. Iye tí mo san nìyẹn, mo sì ti rí ọjà tí mo rà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí n ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ. Mo fẹ́ fi aṣọ ìborùn ìdílé ọkọ rẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi bora lọ, èyí onígun mẹ́rin mẹ́rin, pupa pẹ̀lú dúdú. Bí mo ṣe gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìjọ ni Wòlíì Philemon dá mi dúró. Ó ní, “Ìyá, ẹ mọ̀ pé aṣọ pupa àti aṣọ dúdú kì í wọ tẹ́ńpìlì wa.” Òótọ́ ni, ayọ̀ ló jẹ́ kí n gbàgbé. Mi ò bá a jà. Mo padà sílé, ilé wa kò ju òdìkejì títì lọ, mo ta aṣọ náà sórí okùn níwájú ilé, mo wọ sùtánà funfun mi, mo sì wọlé lọ dúpẹ́. Gbogbo ìjọ ń rí i láti ojú fèrèsé bí atẹ́gùn ṣe ń gbé e. Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì fúnra rẹ̀ rékọjá wá fọwọ́ pa á wò, ó ní irun àgùntàn gidi ni, ó bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe funfun rẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ ni kí o má baà rò pé ìyá rẹ kàn fẹ́ràn ìjà. Òfin tó bo gbogbo wa mọ́lẹ̀ dọ́gba, tó ti wà kí a tó dé, mo ń tẹ̀ lé e. Wòlíì ì bá dá ọlọ́rọ̀ dúró bó ṣe dá mi dúró. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lọ́jọ́ tí ọmọ mi dé iwájú, ìyẹn ni mi ò gbà. Mi ò gbà á lọ́wọ́ Bàbá Adéjọbí tó ń pín oko fún mi, ṣé lọ́wọ́ Susan tí mi ò jẹ ní kọ́bọ̀ ni mo máa ti wá gbà á?

Má rò pé mò ń bá àwọn Makitórìn jà o. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá ń rántí òkú rẹ̀ tó sì ń pe orúkọ wọn lọ́dọọdún, èèyàn wa ni. Nígbà tí ẹ wá sílé, tí Vincent ń bá mi to igi sábẹ́ agbada ní ẹbu tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó sọ ìtàn ìyá ìyá ìyá rẹ̀ fún mi. Ó ní obìnrin náà ń la ẹja nínú ní etíkun, òun àti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹja láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi àkísà di ìka kí iyọ̀ má baà jẹ ojú ọgbẹ́. Ó ní owó ọwọ́ obìnrin yẹn ni àwọn arákùnrin rẹ̀ fi kan ọkọ̀ ojú omi tiwọn, ọkọ̀ yẹn ló sì gbé ìdílé náà kúrò nínú ìṣẹ́. Ó ní fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìdílé wọn lónìí, láàárín àwọn ológun, àti dókítà, àti ẹni tó kan ọkọ̀ ńlá. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹja gbígbẹ kún oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo bi í nígbà náà pé orúkọ wo ni àwọn ọmọ obìnrin náà ń jẹ́. Ó ní orúkọ bàbá wọn ni. Mo ní ta ló wá gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́. Ó ní ìdílé ni, gbogbo wọn ló fohùn ṣọ̀kan.

Ṣé o ti rí i? Láti ọwọ́ obìnrin sí obìnrin ni okùn yẹn ti gbà dé ọ̀dọ̀ Vincent, kó tó kan Jẹ́jẹ́lọlá. Ìdílé tó gbé obìnrin tó ń la ẹja sórí ògiri pẹ̀lú ológun ti mọ ohun tí ọmọ obìnrin ń jẹ́, wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Susan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tún un dá. Tí ó bá dá a lójú, kí ó kọ́kọ́ gun àga lọ yọ fọ́tò obìnrin yẹn kúrò lára ògiri, níṣojú olórí wọn, kí gbogbo ìdílé máa wò ó. Tí ó bá ṣe é, èmi náà á ní kí Jẹ́jẹ́ gbé fèrè rẹ̀ bọnú àpótí.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Má tún bá Susan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ni agbára ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí Vincent gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú olórí wọn àti gbogbo ìpàdé, òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ilé ìyá rẹ̀ ni. Aya kì í ṣíwájú ọkọ bá ẹbí ọkọ rojọ́. Tí ó bá sọ tirẹ̀ tán, kí ìwọ náà sọ tìrẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìsunkún. Mo mọ̀ ọ́, o máa ń sunkún tí inú bá bí ọ, wọ́n á rò pé ẹ̀bẹ̀ lò ń bẹ̀. Kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọ obìnrin ilé àwọn kì í ṣe ọmọ àwọn. Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́, kí ọmọ náà wá sílé, Àjàgbà ní títì, a ó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ ná.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ kò dára yẹn, mo tún pè padà, Jẹ́jẹ́lọlá ló gbé e. Yorùbá rẹ̀ tó ń dà pọ̀ yẹn ló fi bi mí pé, “Màmá Àgbà, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?” Mo ní kí ló fà á. Ó ní Mọ́mì ní kí òun sọ pé òun ń ṣàìsàn. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní! Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bó nítorí fèrè, tí ẹ̀yin ará ilé di etí fún ní gbogbo ìgbà òtútù, òun ló ń bi mí bóyá òun jẹ̀bi. Mo sọ fún un pé ó ṣe nǹkan tó dáa jù lọ, kó máa fọn ún lọ. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo jókòó sórí àpótí ẹbu títí epo fi fẹ́ jóná mọ́ mi lójú.

Ọlámipọ̀sí, àìsàn irọ́ tí o fẹ́ kí ó ṣe yìí, ọjọ́ kan kọ́ ni yóò fi ṣe é. Yóò máa ṣe é nílé ìwé, yóò máa ṣe é níbi iṣẹ́, ibikíbi tí ẹnì kan bá ti yínmú ni yóò ti máa rántí pé ìyá òun ní kí òun ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe tọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní ọmọ ẹlẹ́bu kò lè wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì, ṣé mo ní kí o sọ pé o ń ṣàìsàn?

Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun yóò mú ọ kọjá ẹnu èèyàn. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ nílé ọkọ rẹ, ohùn rẹ kò ní gbọ̀n níwájú wọn. Kí Ọlọ́run dá Vincent sí fún ọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa pé. Èémí Jẹ́jẹ́lọlá kò ní ké, àpò fèrè rẹ̀ kò ní ya, níbi tí wọ́n bá ti ń pe àwọn tó gbé ilé wọn ga, ìhà ibí, ìhà ọ̀hún, orúkọ rẹ̀ kò ní wọ́n níbẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún àwọn Makitórìn náà, títí kan Susan, kí ó fún un ní ọmọ ọmọ tí yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n bí tèmi ṣe ń kọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì tíì rẹ̀,
Rose Àjíṣafẹ́.

Mo tún rántí èyí: Bàbá Adéjọbí ti ń sọ fún gbogbo Àjàgbà pé ọmọ òun ni yóò ṣíwájú àwọn òyìnbó nínú oṣù kẹjọ. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wá láti Òde-Ìrèlè, ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ lódò, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ fèrè. Mi ò sọ ti Susan fún un, mi ò sì ní sọ ọ́. Tí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò ní lọ, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ẹnu rẹ sọ fún un. Tí a bá ti ìjọ dé, yóò jókòó sí pálọ̀ mi, fóònù á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù keje ni. Ọjọ́ yẹn ni mò ń retí èsì rẹ.